Páálí Àmì Ìyá Ẹ-Fọwọ́

Ẹni tó bá fẹ́ rí àníyàn tó wọ bàtà tó ń rìn káàkiri, Ìyá Ẹ-Fọwọ́ ni ì bá lọ wò láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn. Aago méje kò tíì lù tó ti ṣílẹ̀kùn ilé ìkàwé. Ó gbá ilẹ̀, ó tún un gbá. Ó nu tábìlì, ó nu àga, ó nu ojú aago ara ògiri, bíi pé aago tó bá mọ́ ló máa ń tètè rìn. Ó ti yọjú wo ojú títì nígbà mẹ́sàn-án. Ẹni tó ń retí kò sì ní í dé kí aago mẹ́wàá tó lù, òun náà sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ kò bá balẹ̀, ta ló fẹ́ fi aago tù ú nínú?

Àwọn òbí rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ ní Ẹ-Fọwọ́, ẹnu ara rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń tọ́jú ilé ìkàwé abúlé náà, àpótí kékeré kan wà lẹ́nu ọ̀nà, abọ́ omi wà lórí rẹ̀, ọṣẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, aṣọ ìnuwọ́ sì kọ́ sórí ìṣó. Kò sí ẹni tó ń fọwọ́ kan ìwé láìfọwọ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ń fọwọ́, ọmọdé ń fọwọ́, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ kúrò nílé náà ń fọwọ́. "Ẹ fọwọ́ o, ẹ káàárọ̀," bó ṣe máa ń kí èèyàn nìyẹn, ọwọ́ ló ń ṣáájú àárọ̀. Àwọn ẹlẹ́yà ní lọ́jọ́ kan tí afẹ́fẹ́ ti ilẹ̀kùn wọlé, kò tíì gbójú sókè tó ti ní, "Ẹ fọwọ́."

Ilé ìkàwé ọ̀hún kò ju yàrá kan àtààbọ̀ lọ. Àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ló ń kó ẹrù síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí òjò bá sì rọ̀ dáadáa, òórùn ajílẹ̀ ṣì máa ń jáde lára ògiri. Ìwé tó wà níbẹ̀ lé díẹ̀ ní irinwó, lórí pẹpẹ tí ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà kàn kó tó kú. Láti ibẹ̀ dé ìlú ńlá, wákàtí méjì gbáko ni lórí alùpùpù. Nítorí náà, ẹni tí ọmọ rẹ̀ kọ lẹ́tà sí láti òkèèrè, ibẹ̀ ló ń gbé e lọ kí wọ́n bá a kà á. Ẹni tí wọ́n fún ní fọ́ọ̀mù tí kò lórí tí kò nídìí, ibẹ̀ ni. Ìyá Aránṣọ ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà tó kọ́ bí a ṣe ń kọ orúkọ ara ẹni lórí bẹ́ǹṣì ibẹ̀, ọjọ́ tó sì kọ ọ́ tán láìṣìṣe, ó ké débi pé àwọn tó wà lójú títì sáré wá wo ẹni tí nǹkan ṣe. Àwọn míì kò tilẹ̀ wá ṣe nǹkan kan. Wọ́n kàn fẹ́ jókòó síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní í pariwo mọ́ wọn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú Ọjọ́bọ̀ yẹn ni lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì ìjọba. Lẹ́tà náà kò gùn, ṣùgbọ́n ó léyín. Ó ní alábẹ̀wò kan ń bọ̀ wá yẹ gbogbo ìwé wò, àti pé ilé ìkàwé èyíkéyìí tí àwọn ará ibẹ̀ kò bá lò mọ́, àwọn yóò tì í, àwọn yóò sì kó ìwé rẹ̀ lọ sí ìlú ńlá. Ìyá Ẹ-Fọwọ́ kà á nígbà mẹ́rin. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, "gbogbo ìwé" nìkan ni ojú rẹ̀ rí. Ìwé mọ́kànlélọ́gọ́ta ló wà níta lọ́jọ́ náà, lọ́wọ́ èèyàn mọ́kànlélọ́gọ́ta, torí òfin tirẹ̀ ni pé ẹnìkan kò gbọdọ̀ yá ju ẹyọ kan lọ. Bí wọ́n bá ní ìwé ò pé ńkọ́? Bí wọ́n bá ní ó ti tà wọ́n ńkọ́? Ṣé báyìí ni ọdún mọ́kàndínlógún yóò ṣe parí, kí wọ́n máa nàka sí i pé olè rèé?

Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Ó ránṣẹ́ káàkiri abúlé pé kí gbogbo ẹni tí ìwé bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ dá a padà kí Ọjọ́rú tó tán. Ó tún fi kún un pé kí ẹnikẹ́ni má yọjú lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, kí ilé lè mọ́, kí ọ̀gá má bàa bá ariwo. Àwọn ará abúlé yìí, tí wọn ò fohùn ṣọ̀kan rí lórí ibi tó yẹ kí wọ́n gbẹ́ kànga sí, fohùn ṣọ̀kan lórí èyí. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọn ò sì fẹ́ kó kàbùkù. Kí oòrùn Ọjọ́rú tó yẹ̀, ìwé mọ́kànlélọ́gọ́ta ti wọlé.

Bàbá Bíríkìlà ló gbẹ̀yìn. Ó gbá ìwé rẹ̀ mọ́ àyà, kò fẹ́ gbé e sílẹ̀.

"Ìyá Ẹ-Fọwọ́, mi ò tíì kà á tán o. Ọmọ yẹn ṣì sọnù. Ibi tí mo dé yìí, wọn ò tíì rí i."

"Wọ́n á rí i, Bàbá Bíríkìlà."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ ti kà á nìyẹn! Ẹ má sọ fún mi o, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Mi ò sọ nǹkan kan. Ẹ ṣáà gbé ìwé wá."

Ó gbé e fún un, ó sì ń wẹ̀yìn bó ṣe ń lọ.

Ó yẹ ká sọ̀rọ̀ rẹ́jísítà rẹ̀ náà, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti bímọ. Pẹ́ńsù ló fi ń kọ orúkọ ẹni tó yá ìwé síbẹ̀. Bí ìwé bá sì ti wọlé báyìí, á fi rọ́bà pa orúkọ rẹ́. Ó nídìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, báírò ló ń lò, orúkọ àgbẹ̀ kan sì wà níbẹ̀ fún oṣù méjì lẹ́yìn tó ti dá ìwé padà. Aládùúgbò rẹ̀ kan rí i, ó sì sọ ọ́ di orin, ó ń pè é ní ajẹgbèsè ìwé lójú ọ̀nà oko. Ọkùnrin náà kò padà wá mọ́ láé. Látìgbà náà ni Ìyá Ẹ-Fọwọ́ ti ní orúkọ ẹnikẹ́ni kò ní í sùn sínú rẹ́jísítà òun bí ìwé bá ti wọlé. Nígbà tí Ọjọ́rú fi máa tán, kò sí orúkọ kan ṣoṣo mọ́. Ojú ewé kan ń bẹ lẹ́yìn òmíì, eérú pẹ́ńsù díẹ̀díẹ̀ lára wọn, òfìfo.

Ó wá ku àwọn àmì. Títẹ etí ìwé, èèwọ̀ ni lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí náà olúkúlùkù ń wá ohun tó máa fi sí ibi tó bá dé. Bí ó ṣe ń ṣí ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́sàn-án Ọjọ́rú kó lè mọ́ fún ojú alábẹ̀wò, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ń já bọ́: okùn aránṣọ, igi ìgbálẹ̀, eyín kóòmù tó kán, káàdì ilé ìwòsàn, ìdajì tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Ti Bàbá Bíríkìlà, bébà àpò sìmẹ́ǹtì ni. Ojú tì í. Ṣé irú ẹ̀gbin yìí ni ọ̀gá máa wá bá nínú ìwé ìjọba? Ó gbá gbogbo rẹ̀ jọ kó lọ dà á nù, ó sì dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kò gbé e kọjá. Ẹni tí kò bá rí ibi tó dé mọ́ nínú ìwé lè má padà wá. Ó padà jókòó. Ó ya bébà pélébé pélébé, ó kọ orúkọ tí wọ́n ń pe olúkúlùkù àti ojú ewé tó dé, ó fi bébà náà wé àmì rẹ̀, ó tò wọ́n sínú páálí ọṣẹ, ó sì ti páálí sábẹ́ tábìlì kó má bàa hàn. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ni wọ́n.

Rárá o, méjìlélọ́gọ́ta ni. Ìwé kan wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ní igun pẹpẹ, ìwé ìtàn àwọn èèyàn mọ́kànlá kan tí ọkọ̀ ojú omi wọn sọnù sójú òkun. Bí ẹnikẹ́ni bá nawọ́ sí i, ohun tí Ìyá Ẹ-Fọwọ́ máa ń sọ ni pé, "Ẹ fi í sílẹ̀, ẹnìkan ń kà á." Ọdún mẹ́fà rèé tí ẹnìkan yìí ti ń kà á. Gbogbo abúlé ló sì mọ ẹni náà, kò sẹ́ni tó béèrè. Àmì inú èyí náà, ó yọ ọ́, ó wé e, ó kọ ọ́.

Aago mẹ́wàá kọjá, aago mọ́kànlá ń bọ̀, nígbà tó gbọ́ alùpùpù. Alábẹ̀wò náà bọ́ sílẹ̀, eruku bò ó dé ipéǹpéjú. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò lè ju àbígbẹ̀yìn òun fúnra rẹ̀ lọ, ó gbé báàgì kọ́pá, ojú rẹ̀ sì jọ ti ẹni tí kò sùn dáadáa.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Ẹ fọwọ́ o, ọ̀gá," ni ó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà mì padà, ó ti bọ́. "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ kú ọ̀nà."

Ọkùnrin náà wo abọ́ omi, ó wo Ìyá Ẹ-Fọwọ́, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fọwọ́. Ó wọlé. Ó wo àyíká.

"Ibí mọ́ o, mà."

Inú Ìyá Ẹ-Fọwọ́ dùn. Ó tẹ̀ lé e láti pẹpẹ dé pẹpẹ. Ọkùnrin náà yọ ìwé kan, ó ṣí i, ó dá a padà. Ó yọ òmíì.

"Gbogbo wọn dà bí tuntun."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá! A kì í fi ọwọ́ ìdọ̀tí kàn wọ́n."

Ọkùnrin náà wo bẹ́ǹṣì tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé. Ó yọjú wo ìta lójú fèrèsé, ojú ọ̀nà dá páropáro. Ó ní kí ó mú rẹ́jísítà wá, ó ṣí i láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó sì gbé e sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí wọ́n gbé òkú ọmọ fún. Ìgbà yẹn ni Ìyá Ẹ-Fọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé nǹkan kan ti wọ́.

Ó mú fọ́ọ̀mù jáde, ó jókòó. "Ìwé mélòó ló wà níta, mà?"

"Kò sí o! Gbogbo ẹ̀ pé, ọ̀gá. Kò sí ẹyọ kan tó dín."

Báírò ọkùnrin náà dúró lókè fọ́ọ̀mù, kò balẹ̀. "Ìyá," ó ní, ohùn rẹ̀ sì rọ̀, èyí tó burú ju kó pariwo lọ. "Ohun tí wọ́n rán mi wá wò gan-an nìyẹn. Ibi tí ìwé tó wà níta kò bá tó ọgọ́ta, títì ni wọ́n ń tì í. Ti yín ni wọ́n sọ pé ó dáa jù lágbègbè yìí, ìdí tí mo fi gun alùpùpù wá nìyẹn. Àmọ́ ohun tí mo bá níbí, kò sẹ́ni tó ń lò ó."

Ìyá Ẹ-Fọwọ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó nù lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀. Ìwé mọ́kànlélọ́gọ́ta! Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kó wọn wọlé. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pa orúkọ wọn rẹ́. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi lé àwọn èèyàn sílé. Kí ọ̀tá tó ronú irú èyí, á pẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ ń lu ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, lẹ́tà, rọ́bà, àgbẹ̀ tó di ajẹgbèsè, kànga tí wọn ò fohùn ṣọ̀kan lé lórí, òun náà ò mọ bí ti kànga ṣe wọ̀ ọ́.

"Mo gbọ́ yín, mà. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí mo dé ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé àná ni èèyàn kún. Ohun tí mo bá fojú rí ni mo lè kọ."

Ó wá rántí páálí. Ojú ń tì í, ṣùgbọ́n ìtìjú kì í ṣí ilẹ̀kùn tí wọ́n bá tì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wọ́ ọ jáde lábẹ́ tábìlì, ó sì gbé e síwájú ọkùnrin náà bí ẹni tó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Alábẹ̀wò tú ọ̀kan. Okùn pupa ló wà nínú rẹ̀. Ó ka bébà rẹ̀ jáde: "'Ìyá Aránṣọ. Ojú ewé kẹrìnlá.'" Ó tú òmíì. "'Ọmọ tí ń kẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì. Ojú ewé igba ó lé méjì.' Kí ni ìwọ̀nyí, mà?"

"Ibi tí wọ́n dé ni. Mo yọ ọ́ kí ìwé lè mọ́. Mi ò fẹ́ kó sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́."

Ó tú ìkẹta àti ìkẹrin. Ó rẹ́rìn-ín sí eyín kóòmù. Lẹ́yìn náà ó mí kanlẹ̀. "Mo gbà yín gbọ́. Àmọ́ ọ̀gá mi ò ní í gba bébà tí ẹ̀yin fúnra yín kọ. Á ní ẹ lè jókòó kọ ọgọ́rùn-ún."

Kì í ṣe irọ́ ló pa. Ìyá Ẹ-Fọwọ́ wo páálí, omi sì lé sí i lójú. Àsìkò náà gan-an ni orí kan yọ lójú fèrèsé, sìmẹ́ǹtì funfun nínú irun rẹ̀.

"Ìyá Ẹ-Fọwọ́! Ṣé ọkùnrin yẹn ti lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi níwèé mi. Láti àná, ọkàn mi ò sí lára iṣẹ́. Mo ti mọ ògiri kan wọ́ láàárọ̀ yìí, wọ́n ní kí n wó o."

Kò rí alábẹ̀wò, nítorí pẹpẹ bò ó. Alábẹ̀wò gbé ìka sí ètè, kí Ìyá Ẹ-Fọwọ́ má sọ̀rọ̀. Ó wá inú páálí títí ó fi rí bébà sìmẹ́ǹtì, ó di í mú, ó sì béèrè láti ibi tó jókòó sí:

"Ojú ewé mélòó lẹ dé, bàbá?"

"Kẹtàlélọ́gọ́rin!" Bàbá Bíríkìlà kò tilẹ̀ wá ẹni tó béèrè. "Ibi tí ìyá ọmọ ti rí bàtà ẹsẹ̀ kan létí odò. Bàtà kan ṣoṣo! Ta ló gbé èkejì? Ẹ̀yin ta ni?"

Alábẹ̀wò wo bébà ọwọ́ rẹ̀. Ojú ewé kẹtàlélọ́gọ́rin. Ìyá Ẹ-Fọwọ́ na ìwé náà sí i, ó yẹ inú rẹ̀ wò: bàtà, etí odò. Ó gbé fọ́ọ̀mù súnmọ́ ojú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà á.

"Mà, aago mélòó lẹ máa ń ti ilẹ̀kùn?"

"Aago mẹ́rin."

"Ohun tó wà níbí ni 'iye ìwé tó wà níta nígbà tí ilé ìkàwé bá tì.'" Ó wo aago ara ògiri. Ó kù díẹ̀ kí aago kan lù. "Ẹ ò tíì tì."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kàwé yìí, ẹ ò tíì rí bíríkìlà tó sáré rí. Bàbá Bíríkìlà fi kẹ̀kẹ́ gba ojú títì, ó gba ọ̀nà oko, ohùn rẹ̀ ń lọ níwájú rẹ̀ pé kí olúkúlùkù wá gba ìwé rẹ̀ kí aago mẹ́rin tó lù. Ìyá Aránṣọ ló kọ́kọ́ dé, tépù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni olùkọ́, lẹ́yìn olùkọ́ ni tọkọtaya kan tí wọ́n bá ara wọn jà lọ́sẹ̀ tó kọjá tí wọn ò sì tíì sọ̀rọ̀. Wọ́n tò síta. Pẹ̀lú gbogbo ìbẹ̀rù tó wà lára Ìyá Ẹ-Fọwọ́, kò sẹ́ni tó kọjá abọ́ omi láìfọwọ́. Wọ́n pààrọ̀ omi nígbà márùn-ún. Alábẹ̀wò jókòó ti páálí, ó ń béèrè lọ́wọ́ olúkúlùkù, "Ojú ewé mélòó?", ó sì ń yẹ bébà wò kó tó gbé ìwé fún un. Onígbàjámọ̀ kan fọ́nnu pé òun ti dé igba. Bébà ní méjìlá. Ẹ̀rín gba ilé kan, ọkùnrin náà sì bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn.

Ìyá Ẹ-Fọwọ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Aago ló ń wò. Aago méjì, ìwé mọ́kànlélógún. Aago mẹ́ta, ogójì. Àwọn tó wà lóko ń dé ní ẹyọ ẹyọ, ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó di mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó dé mọ́.

Wọ́n yọjú wo ọ̀nà, òfìfo ni. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ti lọ sí ìlú ńlá láti àná, ẹni tó bá a dá ìwé padà ló sọ bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ kan sì wà lọ́nà, kò ní í wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Gbogbo ẹni tó wà nítòsí ló ti gbé tirẹ̀ dání.

"Ẹ fún mi ní ìkejì!" ni Bàbá Bíríkìlà wí.

"Òfin ò gbà á," ni Ìyá Ẹ-Fọwọ́ dáhùn. "Ẹyọ kan ni. Èmi ni mo ṣe òfin ọ̀hún, mi ò lè rú u lójú ọ̀gá."

"Kí ọ̀gá fúnra ẹ̀ yá ọ̀kan."

Alábẹ̀wò mi orí. "Ẹni tó ń gbé níbí nìkan ló lè yá a." Ó wo inú páálí, ó sì kó àwọn bébà tó kù jáde sórí tábìlì. "Ẹ dúró ná. Ẹ̀yin sọ pé èèyàn méjì ni kò sí nílé. Mẹ́ta ni mo rí. Ti agbẹ̀bí nìyí, ti awakọ̀ nìyí. Ta ló ni èyí?"

Ó tú bébà náà. Pélébé pákó kan ló wà níbẹ̀, tín-ín-rín, irú èyí tó máa ń ká jáde bí káfíńtà bá ń fá igi.

"Ọkọ mi ni," ni Ìyá Ẹ-Fọwọ́ sọ. "Ó ti tó ọdún mẹ́fà. Ó ń ka ìwé yẹn lọ́jọ́ tó wá tún ẹsẹ̀ tábìlì yìí ṣe. Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yá a, òun ń bọ̀ wá parí rẹ̀ lọ́la. Ilẹ̀ ọ̀la mọ́, kò jí."

Ìyá Aránṣọ fi ọwọ́ bo ẹnu. Aago ń dún lára ògiri, ó ku ìṣẹ́jú méje.

"Ṣé ẹ̀yin fúnra yín ti yá ìwé rí, mà?" ni alábẹ̀wò bi í.

"Èmi? Ibi tí mo bá jókòó sí ni mo ti ń kàwé. Kí ni mo fẹ́ yá?"

"Òfin gbà yín láyè. Ẹ̀yin náà ń gbé níbí."

Ó mọ ohun tó ń sọ. Ìwé tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ló ṣì wà lórí pẹpẹ, ó lè mú èyíkéyìí nínú wọn. Kódà ó nawọ́ sí èyí tó sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò dúró, ó ń lọ sísàlẹ̀, ó dé igun. Ọdún mẹ́fà ni ìwé yẹn ti ń dúró de ẹni tí kò lè wá mọ́, òun ló sì ń bá a pa irọ́ pé ó ń bọ̀. Ó fà á jáde. Eruku kò sí lára rẹ̀, torí ojoojúmọ́ ló ń nù ún.

Ó ṣí rẹ́jísítà, ó mú pẹ́ńsù. Alábẹ̀wò na báírò sí i.

"Ẹ fi èyí kọ ọ́, mà. Ẹ má pa á rẹ́."

Ó kọ orúkọ ara rẹ̀, orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, tí àwọn míì nínú ilé náà kò mọ̀ rí. Aago mẹ́rin lù. Alábẹ̀wò kọ ọgọ́ta sínú fọ́ọ̀mù, ó fọwọ́ sí i, ó sì fi í han gbogbo wọn. Wọ́n hó yéè. Ó di báàgì rẹ̀, ó gun alùpùpù, Bàbá Bíríkìlà sì ń sáré tẹ̀ lé e pé kí ó dúró gbọ́ ohun tí òun rò nípa bàtà kejì.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, Ìyá Ẹ-Fọwọ́ ti fèrèsé, ó jókòó sídìí tábìlì tí ọkọ rẹ̀ tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe. Ó fẹ́ ṣí ìwé, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì dìde. Omi inú abọ́ ti dọ̀tí. Ó dà á nù, ó bu òmíì, ó fọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó nù ú gbẹ. Ó wá ṣí ojú ewé kejìléláàádọ́fà, ó gbé pélébé pákó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ibi tó dé. Ó kà á sókè, kí ọkọ rẹ̀ lè gbọ́.